Ọdún tí Ehoro Mi Lóyún Irọ́

Ìwà burúkú tí ehoro mi hù lọ́dún yẹn kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí èmi fúnra mi hù. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ ara mi. Bí mo bá ń sọ ìtàn ehoro yìí, ó máa ń dùn, àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì rọra yọ́ kúrò nínú rẹ̀ kí n tó dé ibi tí ó yẹ kí n dé. Mo ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́, mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo ti sọ ọ́ fún ọmọ mi obìnrin, n kò sì tíì sọ ọ́ tán rí. Ojú ló ń tì mí. Mo ti dàgbà tó báyìí, irun orí mi ti ń funfun, síbẹ̀ bí mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan lágbàlá wa, ara mi a máa gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé etí.

Àdúgbò Àpáta ni ilé wa wà, nílùú Jos: ilé gígùn oníyàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, àgbàlá kékeré lẹ́yìn níbi tí kànga wà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni olórí ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi rò pé òun ni. Ìró ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Lẹ́yìn náà ni páànù òrùlé yóò máa dún pá, pá, bí oòrùn bá ti ń lé òtútù kúrò lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ni obìnrin Haúsá tó ń din kósáì lẹ́nu ọ̀nà wa yóò kígbe pé àkàrà òun gbóná, “Ga kósáì, da zafi!” Èmi ni mo máa ń gbé abọ́ lọ ra àkàrà náà pẹ̀lú kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, n ó sì ti jẹ ọ̀kan kí n tó wọlé. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó bẹ áríìṣì, ìyẹn ọ̀dùnkún òyìnbó tí ó pọ̀ nílẹ̀ Jos ju iyanrìn lọ, a ó sè é, a ó fi ata díndín jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìró kan wà tó borí gbogbo ìró ilé wa: ṣàrà-ṣàrà, ṣàrà-ṣàrà, ìró ẹ̀rọ tí Àǹtí Ìyàwó fi ń hun sùwẹ́tà. Òtútù Jos kì í ṣe eré, ọmọ iléèwé tí kò bá ní sùwẹ́tà á máa gbọ̀n bí ewé, nítorí náà iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ohun tó dún bẹ́ẹ̀, n ó wẹ̀yìn.

Àǹtí Ìyàwó ni ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Láyí, àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa jọ ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí wọ́n gbé e wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ilé wa, bíi ti gbogbo ilé tó mọ̀ṣe Yorùbá, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà, akọ tàbí abo. Ìyàwó yóò wo ojú rẹ̀, yóò wo ìrìn rẹ̀, yóò sì fún un ní orúkọ ẹ̀wà tí òun nìkan yóò máa pè é. Èmi tí orúkọ mi ń jẹ́ Mojísọ́lá, Àǹtí Ìyàwó wo eyín mi nígbà tí mo rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó ní, “Eyínfúnjowó ni ọkọ mi yìí.” Bẹ́ẹ̀ ló di o. Eyínfúnjowó, wá jẹun. Eyínfúnjowó, ọkọ mi, bá mi di òwú yìí mú kí n ká a. Orúkọ náà mú orí mi wú ju bó ti yẹ lọ. Mo máa ń rìn bí baálé nínú yàrá rẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ kan òwú rẹ̀ láì tọrọ, n ó sì máa pè é ní “Ìyàwó” ṣákálá bí àwọn àgbà bá ti yí ẹ̀yìn padà. Ìyá Àgbà gbọ́ mi nígbà kan, ó fa etí mi. Ó ní, “Òótọ́ ni, ọkọ rẹ̀ ni ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ tó ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ìdí ara rẹ̀ ló ń ṣí sílẹ̀.” Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbọ́.

Àǹtí Ìyàwó náà ló bẹ Bọ̀ọ̀dá Láyí kí ó ra ehoro fún mi. Obìnrin kan wà tí à ń pè ní Màmá Du, nítorí láti abúlé Du ló ti máa ń gbé kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì wá sí ọjà Laranto, ó sì máa ń kó ehoro mélòó kan sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Abo ni ó tà fún wa, funfun báláú, kò ju ìkúùkù ọwọ́ bàbá mi lọ. Mo sọ ọ́ ní Súgà. Oṣù mẹ́rin, márùn-ún, Súgà dùn bí orúkọ rẹ̀. Á sùn sórí ẹsẹ̀ mi, á jẹ ewé kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́ mi. Ìgbà tó bàlágà ni nǹkan yí padà. Bí mo bá ti nawọ́ sínú àgò rẹ̀, á kùn, hùn-ún, á fò mọ́ ọwọ́ náà pẹ̀lú èékánná. Á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá pákó, gbì, gbì, títí Ìyá Àgbà yóò fi béèrè ẹni tó ń gún iyán láìsí iṣu nílé. Bí a bá tú u sílẹ̀ lágbàlá, ẹsẹ̀ Bọ̀ọ̀dá Láyí ló ń yí po ṣáá, bí ẹni ń jó lójú agbo, á gun bàtà rẹ̀, á gbá a mú, kò ní jẹ́ kí ó rìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó tọ̀ sí ṣòkòtò funfun tí Bọ̀ọ̀dá wọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tọ̀ ọ́ tààrà ni, bí ẹni fi ike omi fọ́n aṣọ kó tó lọ̀ ọ́. Bàbá mi pariwo, “Haba! Ṣé ehoro leléyìí àbí ajá?” Ìyá Àgbà ní tòun, ehoro tó bá ti tó báyìí, ìkòkò ló kàn.

Àǹtí Ìyàwó nìkan ni kò bínú sí i. Ó kọ́ bí a ti ń bá a gbé. Ó ní kí n má ṣe máa nawọ́ sí i láti òkè mọ́, kí n gbé oúnjẹ sílẹ̀ kí n sì fà sẹ́yìn. Pé ilé rẹ̀ ni àgò náà, ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n máa já wọ ilé òun? Ó ń lọ gé koríko lẹ́yìn ilé, ó ń sá a gbẹ lórí páànù, ó ń kó o fún un kí ó máa rí nǹkan fà ya dípò ọwọ́ mi. Ọjọ́ tí Súgà bá ń kùn jù, á fi àpò òfìfo bo apá kan àgò náà kí ó ṣókùnkùn díẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. “Eyínfúnjowó, kì í ṣe ìwọ ló ń bínú sí,” ni yóò wí. “Ara rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ara a máa da ènìyàn láàmú náà, ká tó sọ ti ẹranko.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, Súgà bẹ̀rẹ̀ sí í ru koríko. Á kó o sẹ́nu títí yóò fi yọ jáde lápá méjèèjì bí irunmú bàbá arúgbó, á rù ú lọ sí igun àgò, á tò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun àyà àti ikùn ara rẹ̀ tu, tó ń fi tẹ́ ìtẹ́ náà. Mo sáré wọlé, mo ní Súgà ti lóyún. Kò sí akọ ehoro kankan ní gbogbo Àpáta tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Mo gbéra lọ sí iléèwé, mo ṣèlérí ọmọ ehoro fún àwọn ọ̀rẹ́ mi márùn-ún. Ọ̀kan ti fún mi ní pẹ́ńsù tó fi ń kun àwòrán nítorí rẹ̀. Ilé wa náà kún fún ayọ̀ mìíràn nígbà yẹn. Ọdún kẹfà rèé tí Àǹtí Ìyàwó ti wà nílé ọkọ láì bímọ, ikùn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ó ń bì láàárọ̀, ọmú rẹ̀ ń ro ó. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí ó fa omi nínú kànga mọ́. Ìyá Àgbà tún kìlọ̀ fún un pé a kì í ra ẹrù ọmọ sílẹ̀ de ọmọ, ṣùgbọ́n mo rí i, lábẹ́ aṣọ ìró rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ hun nǹkan kékeré kan. Òwú yẹ́lò ni. Nígbà tó rí i pé mo ti rí i, ó fi ìka sẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín. “Àṣírí èmi àti ọkọ mi nìyí,” ló wí.

Lọ́jọ́ kan, òun àti Bọ̀ọ̀dá Láyí lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n dé, Bọ̀ọ̀dá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láì bọ́ bàtà. Ẹ̀rọ ìhunṣọ kò dún lọ́jọ́ yẹn, kò dún lọ́jọ́ kejì, kò dún fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún èmi. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò dun ilé wa. Ẹ̀kọ́ tiwa ni pé ohun tó bá dun ni, a ó pa á mọ́ra, a ó sì máa bu oúnjẹ bí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ áríìṣì lẹ́yìn ilé ìdáná nígbà tí Ìyá Àgbà ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nínú. “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. “Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Dókítà ní kò fìgbà kankan sí. Ó ní àárò ọmọ ló pọ̀ títí ara rẹ̀ fi tàn án.” Mo gbọ́ tí ìyá mi ń fọn imú. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú, bí ọmọdé ti ń tọ́jú abẹ tí wọn kò mọ̀ pé ó wà lápò rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tún dún. Ohun àkọ́kọ́ tí Àǹtí Ìyàwó hun jáde, èmi ló fún: sùwẹ́tà yẹ́lò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun. “Eyínfúnjowó, wọ̀ ọ́ wò.” Ó bá mi mu. Mo fò sókè, mo sá lọ fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi. N kò bi í níbi tó ti rí òwú.

Sátidé tí mò ń sọ dé. Ní òwúrọ̀, mo tẹ̀lé ìyá mi lọ sí ọjà Laranto, mo sì rí Màmá Du nídìí kábéèjì rẹ̀. Mo fi ìgbéraga sọ fún un pé ehoro rẹ̀ ti fẹ́ bímọ. Ó bi mí bóyá akọ wà nílé. Mo ní kò sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. “Kai, yarinya! Ba ciki ba ne!” Kì í ṣe oyún. Ó ní abo ehoro mìíràn, bó bá ti bàlágà tí ara ń gún un, ara náà a tàn án pé ó ti lóyún. Á tẹ́ ìtẹ́, á fa irun, á sì máa bá gbogbo ayé jà nítorí ọmọ tí kò sí. Ó ní kí n má tú ìtẹ́ náà ká, nítorí bí mo bá tú u, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ ni, yóò sì tún fa irun tó kù lára rẹ̀. Kí n fún un ní koríko gbígbẹ, kí n fi í sílẹ̀, bí ọjọ́ bíi mélòó kan bá ti kọjá, yóò gbàgbé. Àwọn tó wà nítòsí bá a rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nínú gbogbo àlàyé yẹn ni ẹ̀rín náà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ mi márààrún wá wo ọmọ ehoro. N kò lè dá wọn padà. Obìnrin méjì láti ilé kejì wà nídìí kànga, wọ́n ń fa omi. Àǹtí Ìyàwó ń sá aṣọ sórí okùn, ó gbé abọ́ aṣọ ka ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tẹjú mọ́ àgò. Ẹni tó fún mi ní pẹ́ńsù ní, “Àwọn ọmọ náà dà?” Mo nawọ́ láti òkè, bí wọ́n ti ní kí n má ṣe nawọ́, mo fẹ́ tú ìtẹ́ náà kí n fi hàn pé bóyá wọ́n wà lábẹ́. Súgà gé ìka mi jẹ, ẹ̀jẹ̀ yọ. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fa ìtẹ́ yẹn tu, koríko àti irun funfun tó fi àyà ara rẹ̀ ṣe, mo fọ́n ọn ká gbogbo àgbàlá, mo sì pariwo sí i ní ohùn tó dé òpópónà: “Òpùrọ́! Olóyún irọ́! O kó koríko jọ lásán, o fa irun lásán, kò sọ́mọ kankan nínú rẹ! Ìwọ àti Ìyàwó, bákan náà ni yín!”

Okùn kànga já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà. Èkejì ní, “Yéè!” Mo ti mọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu mi. Mo fẹ́ kí ènìyàn gbà mí gbọ́ pé ọmọdé ni mí, n kò mọ ohun tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Mo mọ̀. Mo wá ohun tó le jù lọ tí mo ní lápò, mo sì yọ ọ́, nítorí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn náà tẹ́. Àǹtí Ìyàwó kò yíjú. Aṣọ kan ṣẹ́kù nínú abọ́ rẹ̀. Ó gbé e, ó fún un, ó sá a, ó na etí rẹ̀ méjèèjì kí ó tọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ òfìfo, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá wọlé. Sùwẹ́tà yẹ́lò náà ni mo wọ̀.

Ìyá Àgbà kò nà mí. Ó jáde, ó wò mí, ó ní, “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè,” kò sì parí òwe náà, bí ẹni pé n kò tún yẹ lẹ́ni tí à ń pa òwe fún. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá Àǹtí Ìyàwó, ó ní kí n kúnlẹ̀. “Ìyàwó, ọkọ rẹ rèé. Ó wá tọrọ àforíjì.” Mo sunkún, mo bẹ̀bẹ̀. Àǹtí Ìyàwó wá sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní, “Mo ti gbọ́, Mà. Ẹ jẹ́ kó dìde, ilẹ̀ tutù.” Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilé ń lọ bó ti ń lọ, Ìyá Àgbà ń gbálẹ̀, bàbá mi ń mu kókó. Àǹtí Ìyàwó yọjú láti ilé ìdáná. Ó ní, “Mojísọ́lá, omi ìwẹ̀ rẹ ti gbóná.” Ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà dúró. Ṣíbí bàbá mi dúró lẹ́nu. Ìyá Àgbà tó ti bá ìyàwó ilé mìíràn jà nítorí irú rẹ̀ rí, tó ní kí ó san ìtanràn, kàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé wọ́n ti gba ipò ọkọ lọ́wọ́ mi, gbogbo ilé sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

N kò rí ìyà tó jọ ọ́ láyé mi. Kò fi oúnjẹ dù mí. Kò jágbe mọ́ mi, kò yan mí lódì. Ó ń bá mi di irun orí mi lọ́jọ́ Sátidé bí tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì le ju tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ yẹn nìkan ni kò pè mọ́. Mo máa ń fi eérú rin eyín láàárọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ nídìí rẹ̀, n ó sì lọ dúró síwájú rẹ̀, n ó rẹ́rìn-ín, kí ó lè rí i kó rántí. Á ní, “Mojísọ́lá, ṣé o fẹ́ nǹkan ni?” Ní ti Súgà, ó tún ìtẹ́ rẹ̀ tẹ́ ní ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí Màmá Du ti wí, ó sì fa irun ikùn rẹ̀ títí awọ ara rẹ̀ fi pọ́n. Àǹtí Ìyàwó ló ń kó koríko fún un, òun ló ń fi àpò bo àgò rẹ̀, títí ó fi gbàgbé. Kò rán mi níṣẹ́ sídìí rẹ̀ mọ́. Kí ọyẹ́ tó tán, apá sùwẹ́tà mi ya, mo gbé e tọ ìyá mi lọ. Ó yí i padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ṣé mo mọ òwú tí wọ́n fi hun ún. Ọjọ́ mẹ́ta, ó ní, ni Ìyàwó fi jókòó tú ẹ̀wù ọmọ, fìlà ọmọ àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ. Òwú yẹ́lò náà kò tó mi, ló ṣe fi funfun ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ìyá mi ti ní kí ó jù ú nù nígbà náà, Ìyàwó ní rárá, òun ní ọkọ tí òtútù ń mú. N kò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo gbọ̀n tán lọ́dún yẹn, ó sì tọ́ sí mi.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Bọ̀ọ̀dá Láyí kó ìyàwó rẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò bímọ. Èmi dúró sí Jos, mo lọ́kọ, mo bímọ, ọmọ mi obìnrin sì gbọ́ Haúsá ju Yorùbá lọ. Lọ́dún yìí, bàbá rẹ̀ ra ehoro fún un, funfun náà ni. Níjọ́ kan ó sáré tọ̀ mí wá, ó na ọwọ́ tí ehoro náà ti ya ní èékánná sí mi, ó ní, “Mọ́mì, ta haukace ne?” Ó ń béèrè bóyá orí ehoro náà ti dàrú. Mo lọ wò ó. Ó ń ru koríko, irun àyà rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní a lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí a yọ ilé ọmọ rẹ̀, ìyọnu náà yóò sì tán, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí èyí kọjá ná. Ó ní kí a má tú ìtẹ́ rẹ̀ ká, kí a má nawọ́ sí i láti òkè, kí a fún un ní koríko, kí a fi nǹkan bo àgò rẹ̀. Mo ní mo ti mọ̀. Ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ, mo gbé ehoro náà mọ́ra, mo dìde.

Nígbà tí a délé, mo pe Àǹtí Ìyàwó lórí fóònù. A máa ń kí ara wa lọ́dún tuntun, a kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ṣàrà-ṣàrà. Ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè ọmọ mi, ó ṣàdúrà fún mi bí ìyá. Mo sọ ti ehoro fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ó ti ń fa irun?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo wá rí i pé mo ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀ mi, èmi àgbàlagbà, ọmọ mi sì ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní, “Àǹtí, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, nínú àgbàlá. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ foríjì mí.” Ẹ̀rọ náà dúró. Mo gbọ́ tó ń mí. Mo dúró dè é, mo fi eyín di ètè mi mú.

“Koríko gbígbẹ ni kí o máa fún un o,” ló wí. “Tútù kò dáa fún un lásìkò yìí, Mojísọ́lá.”